Ẹ̀kú, agọ̀, àti ẹni tó ṣe wọ́n

Ọmọ Òmù-Àrán: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àárọ̀. Nílé wa, àwọn kan ń pe aṣọ eégún ní ẹ̀kú, àwọn mìíràn ń pè é ní agọ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni? Kí sì ni orúkọ ẹni tó ṣe é?

Ahunṣọ Ìlọrin: Ọ̀kan náà ni mo mọ̀ wọ́n sí: aṣọ tó bo eégún láti orí dé ẹsẹ̀. Ti ẹni tó ṣe é ló gba àlàyé. Ahunṣọ, bí èmi, ló ń jókòó sídìí òfì, tó ń hun aṣọ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n aránṣọ, tí gbogbo ayé ń pè ní télọ̀ báyìí, ló ń rán àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà pọ̀ di ẹ̀wù. (Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá pè mí ní télọ̀.) Bí ère igi bá wà lórí eégún, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà nìyẹn.

Ìyá Aláró: Ẹ̀yin bàbá ti gbàgbé aláró! Ẹ̀lú wa ló ń sọ òwú ẹtù, irú aṣọ òkè kan, di dúdú, àwọn ìlà funfun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ló sì jọ ìyẹ́ ẹtù, ẹyẹ tí a tún ń pè ní awó.

Ọmọ Òmù-Àrán: Ẹ ṣeun, mà. Mo rò pé ẹtu inú igbó ni wọ́n fi sọ ọ́.