Mo pa iná gbogbo ilé, síbẹ̀ ilẹ̀kùn onírin gbọ̀n mí lọ́wọ́

Ìyá Onífírísà (Djassin, Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó mọ̀ nípa iná mọ̀nàmọ́ná ni mo ń wá o. Ẹni tó fẹ́ ní kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á.

Òjò tó rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ẹtì wọlé mi. Ibi tí mo ń gbé rẹlẹ̀ ju títì lọ, bí gọ́tà bá ti kún, ọ̀dọ̀ wa ni omi ń dà sí. Pálọ̀ ni mo sùn sí lóru yẹn, lórí àga gígùn, nítorí ooru. Ìgbà tí mo fi máa jí, omi ti tó ọrùn ẹsẹ̀. Rallonge (wáyà ìfàgùn) tí fírísà ń lò wà nílẹ̀, omi ti bò ó, iná pupa kékeré orí rẹ̀ ṣì ń tàn lábẹ́ omi bí ojú ológbò. Mi ò tẹ omi yẹn. Láti orí àga gígùn mo gun àga oníke, mo nawọ́ dé disjoncteur, ìyẹn ohun tí a fi ń pa iná gbogbo ilé, lára ògiri, mo pa á. Ilé ṣókùnkùn, fírísà dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ̀kalẹ̀, mo wọ́ omi lọ síta láti jí ọmọ mi ọkùnrin tó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Bí mo ṣe di ilẹ̀kùn onírin mú báyìí, ó gbọ̀n mí dé ìgbọ̀nwọ́! Mo figbe ta. Ọmọ náà jáde, ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà, òun náà fò sẹ́yìn.

Níbo ni iná yẹn ti wá, nígbà tí mo ti pa gbogbo rẹ̀? Èkejì: omi ti fà, fírísà ti wà nínú oòrùn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá àwọn ọmọ ní ó ti gbẹ, kí n tan án. Omi tútù àti bissap ni mo ń tà, ẹ mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́ta láìtà jẹ́.

Ọmọ Ouando

Ẹ kú ewu, mọ̀ọ́mì. Ẹ máa wọ silípáàsì onírọ́bà bí òjò bá ń rọ̀. Èmi kì í bọ́ tèmi, iná kò sì gbé mi rí.

Bàbá Oníná

Ìyá, ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire.

Àbúrò mi onísilípáàsì, jọ̀ọ́, má fi ìyẹn kọ́ ènìyàn. Omi tó bo silípáàsì ti kan ẹsẹ̀ rẹ, ó ti kan ilẹ̀, kí ni rọ́bà fẹ́ ṣe sí i? Ibi tí o máa ń dúró sí ni iná kò tíì jò dé, ìyẹn ló yọ ọ́.

Ìyá, bí ẹ ò ṣe tẹ omi kí ẹ tó pa iná, ó dára gan-an. Ká ní ọwọ́ yín kò tó o láti ibi gbígbẹ ni, ńṣe ni ẹ ó fi í sílẹ̀, kí ẹ dúró sókè, kí ẹ pe iléeṣẹ́ iná kí wọ́n wá gé e láta orí òpó. Àmọ́ ẹ yára sọ̀kalẹ̀ jù. Pé fírísà dákẹ́ kò sọ pé iná ti tán lára ilé.

Mo fẹ́ bi yín léèrè: ṣé aládùúgbò kan ń gba iná lọ́dọ̀ yín? Mo ti ṣiṣẹ́ ní Djassin, mo mọ bí okùn aláǹtakùn ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. (Ẹ̀yin tí kì í ṣe ará Bẹ̀nẹ̀, wáyà tí wọ́n ń fi igi gbé kiri láti ara compteur, ìyẹn mítà iná, ẹnìkan lọ sílé ẹlòmíì la ń pè bẹ́ẹ̀.) Àwọn ọmọ tó ń fà á máa ń so ó sáàárín compteur àti disjoncteur, kí iná aládùúgbò má baà kú nígbà tí tiyín bá já. Ẹ pa tiyín, tiwọn ń lọ. Bí wáyà yẹn bá wá gba orí páànù yín kọjá, atẹ́gùn á máa mì í, etí páànù á máa họ ọ́, títí awọ rẹ̀ á fi bó. Páànù kan irin òrùlé, irin òrùlé kan férémù ilẹ̀kùn. Ọwọ́ yín ló kù.

Ojú ni kí ẹ fi wò ó o. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi igi tì í, igi tútù ń gbé iná. Bí ẹ bá bá ẹnìkan tí iná ti gan mọ́ nǹkan, ẹ má fà á. Ẹ wá bí iná ṣe máa kú ná, kí ẹ pe àwọn panápaná ní 118.

Iná tó ń pa ènìyàn kò pọ̀ rárá. Gílóòbù kékeré oníwáàtì 10 ń fa nǹkan bíi mílíámpù 45 lórí fólítì 220 tí a ń lò. Ó lè dá ọkàn dúró. Ìdí nìyẹn tí différentiel, ohun tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò, èyí tó ń ṣọ́ ènìyàn, fi jẹ́ 30 mA (mílíámpù 30): bí iná tó ń jò bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á já fúnra rẹ̀ kí ẹ tó pariwo tán. Ẹ wo ara tiyín. Bí ẹ bá rí 500 mA, ilé ni ìyẹn ń ṣọ́ kí ó má jóná, kò mọ̀ yín. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ T sí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò já, ẹ ra òmíràn. Kí ẹ sì bi ẹni tó wáyà ilé yín bóyá ó ri irin kankan mọ́lẹ̀, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Ilé mẹ́wàá tí mo bá wọ̀, inú díẹ̀ ni mo ti ń bá irin yẹn.

Ọ̀rọ̀ fírísà: ẹ má tan án. Ara rẹ̀ ni oòrùn gbẹ. Nísàlẹ̀ lẹ́yìn, ìkòkò dúdú kan wà níbẹ̀, ìdérí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí wáyà ti wọlé. Abẹ́ ìdérí yẹn ni ẹrẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Mo ti ṣí ọ̀kan rí ní Tokpota, ọjọ́ mẹ́rin ló ti wà nínú oòrùn, mo bá ekòló níbẹ̀, ó ń rìn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún fírísà ṣe ṣí i, kó nù ún, kó wọ̀n ọ́ bóyá iná ń jò sí ara rẹ̀. Ti rallonge, ẹ gé orí rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó sọ ọ́ nù, torí àwọn ọmọdé á lọ ṣà á.

Ará Kétu

Ní tiwa níbí omi kì í wọlé, àrá ló ń bá wa fà á. Ìyá wa àgbà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, wọ́n á fi aṣọ bo dígí, wọ́n á ní kí gbogbo wa jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò lè sọ nípa dígí, ṣùgbọ́n ìjókòó jẹ́ẹ́ yẹn, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára prise (ihò iná ara ògiri), mo rò pé mo gbọ́n. Wáyà antẹ́nà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àrá sán lẹ́yìn ọgbà, mo gbọ́ “tá!” nínú pálọ̀. Nígbà tí mo yí tẹlifíṣọ̀n padà, ojú ihò antẹ́nà ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Báyìí, bí mo bá ti rí i tó kọ mọ̀nà, mo ń kà: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta fún kìlómítà kan. Ó tún ku jìnnà ni mo ti ń yọ gbogbo nǹkan. Bó bá ti dé orí wa, mi ò súnmọ́ prise mọ́, kó jó ohun tó bá fẹ́ jó. Bàbá Oníná, ṣé disjoncteur kò lè dá a dúró?

Bàbá Oníná

Kò lè dá a dúró. Àrá ti kọjá kó tó já. Parafoudre, ohun tó ń darí iná àrá sínú ilẹ̀, wà tí wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n láìsí irin tí a rì mọ́lẹ̀ yẹn, ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán ni. Yíyọ tí ẹ ń yọ ọ́ yẹn ló dáa jù, pẹ̀lú antẹ́nà.

Ìyá Onífírísà

Bàbá Oníná, àfi bí ẹni pé ẹ wà nílé mi! Ọmọ mi dúró sójúde, ó fi fóònù ya orí òrùlé. Wáyà aládùúgbò gba igun páànù kọjá lóòótọ́, ó ti bó níbẹ̀, ẹnìkan sì ti fi àkísà pupa dì í nígbà kan. Ẹ̀gbẹ́ kan àkísà náà ti jó.

Mo pe ẹni tó mọṣẹ́, ó gé e. Obìnrin tó ń gba iná yẹn, 4,000 fráǹkì ló ń fún mi lóṣù, opó ni, ọmọ mẹ́ta. Ó bínú sí mi, ó ní mo fẹ́ fi òun sínú òkùnkùn. Mo pè é wá wo fọ́tò àkísà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀ kékeré, torí ilẹ̀kùn mi yẹn ni ọmọ náà máa ń rọ̀ mọ́ ṣeré.

Bàbá Oníná

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó padà síbi tó wà. Kó lọ béèrè compteur tirẹ̀. Bí owó kò bá tíì sí, atùpà olóòrùn kékeré á tàn fún àwọn ọmọ láti kàwé.

Ìyá Onífírísà

Ó ti ra ọ̀kan ní ọjà Ouando lánàá. Oní-fírísà náà wá ní àárọ̀ yìí, ó ṣí ìdérí yẹn. Kò sí ekòló. Ẹrẹ̀ tó kún ṣíbí kan ló fà jáde, pẹ̀lú ìràwé kan.