Fíìmù ẹlẹ́rù kọ́ o, fíìmù jìnnìjìnnì ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àlàyé o. Àtàná ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lórí ìbéèrè olùkọ́ wa yẹn, mo ní kí n dákẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kan, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan o, bí ìṣẹ́jú 2, irú fíìmù tí òyìnbó ń pè ní horror, wọ́n máa gba máàkì lé e lórí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi Yorùbá kọ àlàyé ohun tí wọ́n ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó wá bi wá pé kí ni kí wọ́n máa pe irú fíìmù yìí. Bọ̀dá wa kan ní "fíìmù ẹlẹ́rù", àǹtí wa kan ní "eré adẹ́rùbani", ẹnì kan ní ká kúkú pè é ní "fíìmù iwin" kó parí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹlẹ́rù kúrò ńlẹ̀. Ẹ pè é sétí ara yín. Oní àti ẹ̀rù, ẹlẹ́rù. Oní àti ẹrù tí èèyàn ń gbé rù, ẹlẹ́rù náà ni. Àmì ohùn tí a máa ń gbójú lé ò lè gbà wá níbí, torí ohùn òkè tó wà lórí "oní" ti gbalẹ̀ lọ́wọ́ ohùn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n wá di ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá sọ fún èèyàn pé ẹlẹ́rù ń bọ̀, orí onítọ̀hún ló máa wò, bóyá ó ru nǹkan. Olùkọ́ wa tiẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ kan ti kọ ERU gàdàgbà síbẹ̀rẹ̀ fíìmù tiwọn láìsí àmì kankan, àwọn tó wò ó wá ń béèrè bóyá fíìmù ẹrú ni àbí ti èrú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n fi àmì sí i. Gbogbo fíìmù ọ̀hún ò ju ìṣẹ́jú 2 lọ, kò yẹ kí òǹwòran fi ààbọ̀ ẹ̀ máa ro orúkọ.

Fíìmù iwin náà ò ní tó. Horror pọ̀ tí iwin kankan ò sí níbẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara tó ń pa èèyàn ni, tàbí àìsàn tó ń ràn, tàbí ilé tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣí mọ́.

Adẹ́rùbani ló lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì rí ohun tí àǹtí wa rí, torí a ti ní apanilẹ́rìn-ín, ìyẹn ló ṣe ń bá etí mu. Ẹni tó bá mú un, mi ò ní bá a jà. Ohun tó ń kọ mí lóminú níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ti gbé olùṣe síbẹ̀. Adẹ́rùbani, ta ló ń dẹ́rù bani? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń ṣe é. Ọmọ tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, olùṣe yẹn ló máa kọ́kọ́ wá lọ. Olùkọ́ wa fúnra ẹ̀ sọ ọ́, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá ìbòjú àti ọ̀dà pupa kí wọ́n tó ronú kan ìtàn rárá.

Ibi tí èmi ń lọ nìyí. Ẹ wo bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ara wa. Ẹ̀rù máa ń bà wá. Àyà máa ń já. Jìnnìjìnnì máa ń bò wá. Ẹ̀rù bà, àyà já, jìnnìjìnnì bò, ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta, ìrírí mẹ́ta, kò sí Yorùbá kan tó máa ṣì wọ́n pè fúnra wọn. Ẹ wá dán nǹkan kan wò. Ẹ lè sọ pé "ẹ̀rù ajá ń bà mí", ó dún dáadáa, ẹ̀rù òkùnkùn, ẹ̀rù òkú, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé sọ, tẹ́nì kan bá sì bi yín pé ẹ̀rù kí ló ń bà yín, ìdáhùn wà ńlẹ̀. Ẹ wá sọ pé "jìnnìjìnnì ajá bò mí". Ẹnu kọ̀ ọ́. Èdè fúnra ẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ fi orúkọ ohun tó fà á tì í. Ẹ̀rù ní ẹni tó ni ín, jìnnìjìnnì ò ní, ó kàn bò ẹ́ báyìí, o ò mọ ibi tó gbà wọlé.

Ohun tí ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ nínú fíìmù báyìí wà fún gan-an nìyẹn. Òǹwòran ò tíì mọ ẹnikẹ́ni, kò mọ ohun tó ń bọ̀, o ò sì gbọ́dọ̀ fi hàn án. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan wọlé, ó gbé báàgì kalẹ̀, gbogbo nǹkan wà bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀, àfi àga kan tó kọjú sí ògiri. Kámẹ́rà ò sún mọ́ àga yẹn. Obìnrin yẹn náà ò tíì rí i. Kò sí ìbòjú, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó dẹ́rù ba ẹnì kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ara òǹwòran ti yí padà. Tí ọmọ náà bá ń kọ àlàyé ẹ̀, tó bá kọ "mo fẹ́ kí jìnnìjìnnì bo òǹwòran", ó ti sọ iṣẹ́ tí àga yẹn ń ṣe, ó máa yé ẹni tó ń máàkì. Tó bá kọ "mo fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n", wọ́n máa bi í pé pẹ̀lú kí ni, àga?

Àyà jíjá wá ní àyè tiẹ̀. Ìyẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní jump scare, nǹkan fò jáde lójijì pẹ̀lú ariwo. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pe ìyẹn ní "ìdágìrì", àmọ́ létí tèmi ìdágìrì jẹ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbà tí ìròyìn burúkú dé tí gbogbo ìlú ń sá kiri. Ìjáyà ló bá a mu, torí àyà kan ló já, ẹ̀ẹ̀kan náà, ó sì tán. Alfred Hitchcock tó máa ń darí fíìmù ṣàlàyé nǹkan tó fara pẹ́ ẹ fún François Truffaut, ará Faransé tí òun náà ń darí fíìmù, nígbà tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ní 1962. Ó ní bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì, àwọn èèyàn jókòó tì í wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Tí òǹwòran ò bá mọ̀, tí bọ́ǹbù kàn bú gbàù, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ìyẹn fi mú un. Tó bá ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú 15 gbáko ni ọkàn ẹ̀ ò fi ní balẹ̀. Ẹ rí i pé èyí tún jẹ́ ìkẹta, àìbalẹ̀ ọkàn, tí òyìnbó ń pè ní suspense. Nínú àìbalẹ̀ ọkàn òǹwòran mọ nǹkan tí ẹni inú fíìmù ò mọ̀, nínú jìnnìjìnnì òun náà ò mọ ohun tó ń bọ̀. Kí àwọn ọmọ má kó méjèèjì pọ̀, máàkì wà níbẹ̀.

Ẹnì kan kọ̀wé pé jìnnìjìnnì dà bí ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe lásán, pé kò ní jókòó dáadáa nínú iṣẹ́ ilé ìwé. Mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ tó bá lè ṣíwájú ọ̀rọ̀ ìṣe kó sì jẹ́ olùwà gbólóhùn, "jìnnìjìnnì bò mí", ọ̀rọ̀ orúkọ ni, a lè gbé e ti fíìmù lẹ́yìn bí a ṣe gbé ìfẹ́ tì í tí a ní fíìmù ìfẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kó dà bíi pé a gbọ́dọ̀ túmọ̀ horror gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Àwọn Sípéènì ń pè é ní terror, àwọn Faransé ní horreur wọ́n tún ní épouvante, oníkálukú mú èyí tó bá ara ẹ̀ mu. Horror fúnra ẹ̀ láti inú Látìn ni, horrere, kí irun ara dìde. Mo kọ́kọ́ rò ó pé ká lo orí wíwú nítorí ìyẹn, torí a máa ń sọ pé orí mi wú tí nǹkan àràmàǹdà bá ṣẹlẹ̀, àmọ́ orí máa ń wú náà tí wọ́n bá ń kini ní oríkì, inú èèyàn á sì máa dùn nígbà yẹn. Mo bá fi í sílẹ̀.

Lórí "opening", ẹ jẹ́ ká má yọ ara wa lẹ́nu, ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù tó. Ìfáàrà tí bọ̀dá wa mú wá, ìyẹn máa ń sọ ohun tí àròkọ fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́, ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù jìnnìjìnnì tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́.

Ohùn tó ń dún nínú fíìmù náà ń fẹ́ orúkọ, torí ó ṣe pàtàkì gan-an níbi iṣẹ́ yìí. Èyí tí àwọn tó wà nínú fíìmù lè gbọ́, bí aago tó ń dún tàbí ilẹ̀kùn, mo ní ká pè é ní ohùn inú eré. Orin tí òǹwòran nìkan ń gbọ́, ohùn ìta eré. Ẹ wo bó ṣe máa rọrùn fún ọmọ láti kọ ọ́ pé "mo yọ gbogbo ohùn ìta eré kúrò, ó ku aago nìkan, aago náà wá dákẹ́".

Ẹyọ kan ló kù tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún. Ìgbà tí àyà òǹwòran ti já, tó wá rí i pé ológbò lásán ni. Mo ti gbìyànjú ìjáyà òfo, mo tún ní ìjáyà asán, èyí tó jẹ́ òfo yẹn sún mọ́ ọn jù lójú mi nítorí ọwọ́ òǹwòran ṣófo lẹ́yìn ẹ̀, àmọ́ kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un wá kí àwọn ọmọ yẹn tó parí iṣẹ́ wọn.