Iṣẹ́ Abẹ Ni àbí Ìtọ́jú Ọmọdé?

Ẹ̀yin dókítà àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ọdún karùn-ún ni mí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkàn mi ò tíì dúró sójú kan láàárín iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú ọmọdé.

Housejob oṣù 12, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ dókítà tuntun ní ilé ìwòsàn, ṣì wà níwájú, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹ̀ka mẹ́rin, kí àgùnbánirọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìdánwò Primary, tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀kọ́ àkànṣe dókítà, ti iṣẹ́ abẹ yàtọ̀ sí ti ọmọdé. Ẹni tó bá ti san owó ọ̀kan, tó wá yí ọkàn padà, àtìbẹ̀rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló ń fà mí sí ti ọmọdé: kánúlà (rọ́bà tín-ín-rín tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀) aláwọ̀ ìyeyè, ìwọ̀n 24G, nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín bí òwú lẹ́yìn ọwọ́ ọmọ tuntun. Béèyàn bá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ṣe ni kó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀, kó tì í síwájú bín-ín-tín, kó tó máa ti rọ́bà rẹ̀ wọlé kúrò lórí abẹ́rẹ́. Bó bá kánjú, abẹ́rẹ́ á gún iṣan já lódìkejì, ibẹ̀ á sì wú.

Iṣẹ́ abẹ ẹ̀wẹ̀, ìfun tó há sínú ìpá kò ṣeé fi dọ̀la. Èyí wù mí gan-an.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ọmọdé wà, àmọ́ ọ̀nà iṣẹ́ abẹ lèèyàn ń gbà débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní residency, ìyẹn ẹ̀kọ́ àkànṣe yẹn, ẹ jọ̀ọ́: òru mélòó lẹ fi ń ṣe call (iṣẹ́ àṣemọ́jú) lọ́sẹ̀? Ẹ̀ka wo ni kí n kọ́kọ́ ṣe nínú housejob?