Ìdáhùn: ṣé "náwọ̀n" ni ká máa pè é?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ̀wé lánàá pé àwọn ará Indonéṣíà gbọ́n jù wá lọ nínú ọ̀rọ̀ dídá. Wọ́n ń pe ohun tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní "dalam jaringan", ìyẹn "nínú àwọ̀n", wọ́n wá gé e kúrú sí "daring". Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, "luar jaringan", ìta àwọ̀n, di "luring". Ẹ̀gbọ́n ní kí àwa náà gé "nínú àwọ̀n" sí "náwọ̀n", kí ẹ̀kọ́ orí ayélujára di "ẹ̀kọ́ náwọ̀n".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èyí ò wọ̀ mí létí. Ẹ̀kọ́ náwọ̀n ọ̀hún gan-an ni mò ń ṣe lọ́wọ́: yunifásítì kan ló ń kọ́ wa ní èdè Indonéṣíà láti ìpìlẹ̀, èmi sì ń jókòó sí ilé ìdáná mi n'Ìbàdàn. Bí ẹnì kan bá yára pe "ẹ̀kọ́ náwọ̀n", "nà wọ́n" ni ìyá ọmọ máa gbọ́, ó sì máa bi yín pé kí lọmọ òun ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹja tó bá wà nínú àwọ̀n, ọbẹ̀ ló kàn.

Èdè wọn kò ní ohùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gé ọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n, kí "surat elektronik", lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, di "surel", láìsí ẹni tó ṣì í gbọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. "Rí aṣọ" di "ráṣọ": fáwẹ́lì lọ, ohùn òkè rẹ̀ kọ̀ kò lọ, ó gun orí èyí tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ gé ọ̀rọ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohùn máa sùn.

Ohun tó yẹ ká jí lọ́wọ́ wọn ni "unduh". Olùkọ́ wa ní ká "unduh" iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta, ká mú un wá sórí kọ̀ǹpútà wa. Mo bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó ní láti èdè Java ni, ọ̀kan lára àwọn èdè ìbílẹ̀ Indonéṣíà, kíká èso lórí igi ni ó túmọ̀ sí. Kódà, bí ìdílé ọkọ bá ń ṣe ayẹyẹ gbígba ìyàwó sílé, "ngunduh mantu" ni wọ́n ń pè é: wọ́n ń ká ìyàwó ọmọ wọn bí ẹni ká ọsàn! Mo pa ìwé mi dé, mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ wá wo tiwa. "Gbà sílẹ̀" la ń sọ. Fáìlì wo ló wà lẹ́wọ̀n tá a fẹ́ gbà sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà la tún ń lò fún ohùn tá a gbà sílẹ̀ lórí rédíò. Èmi fara mọ́ "ká": "Mo ti ká ìwé náà." Ẹnì kan máa ní a máa ń ká ẹní náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ "ká ọsàn" tó lọ wá ẹní.

Àbúrò wa kan náà ní "belum", ìyẹn "kò tíì" lédè wọn, kò ju "rárá" lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Olùkọ́ bi mí pé "Sudah menikah?", ṣé mo ti gbéyàwó. Mo ní "Tidak", rárá. Ó mi orí, ó ní "Belum, Pak", ìyẹn "Kò tíì, sà." Bí ìyá mi bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí, tí mo ní "Rárá", orí ìkúnlẹ̀ ló máa mọ́jú. "Mi ò tíì" ni wọ́n ń retí, nílé wa àti lọ́hùn-ún. Bákan náà, kakak ni ẹ̀gbọ́n, adik ni àbúrò, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ìwé wa tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lo odindi ìpínrọ̀ kan láti ṣàlàyé ìyẹn, èmi kọ ọ̀rọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣí ojú ewé tó kàn.

Àwọn ará Java ló pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè náà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ búra ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1928 pé èdè kan ló máa so àwọn pọ̀, èyí tó wá láti ara èdè Malay ni wọ́n gbé ga, wọn ò mú ti Java. Ṣùgbọ́n èdè Java kò lọ, ó gba ẹnu ọ̀rọ̀ oko bíi "unduh" wọlé. Àwa ńkọ́? Gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun tá à ń dá, ẹnu Ọ̀yọ́ là ń gbé e sí. Ẹ̀yin ará Èkìtì, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, bí ẹ bá gun igi lọ já èso, kí lẹ ń pè é nílé yín? Ẹ fi ohùn sí i dáadáa, mo bẹ̀ yín.