Wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí Brasília: ṣé kí n fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀?

Màmá Tólú: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹfà rèé tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òkèèrè l'Ábújá, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí wọ́n máa rán an jáde. Ọdún mẹ́rin, Brasília ní Bràsíl. Nọ́ọ̀sì ni mí n'Íbàdàn, mo sì ń retí ìgbéga. Àwọn ẹbí ọkọ ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, pé kí ni ìyàwó aṣojú ìjọba tún ń wá? Ọmọ wa pé ọdún mẹ́sàn-án, kò gbọ́ Potogí rárá. Oorun ò kùn mí mọ́ lóru.

Ìyá Ìjẹ̀bú: Ìyàwó wa, o kú oríire. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni mo bá bàbá wọn dé kó tó fẹ̀yìn tì. Má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀! Bi ọ̀gá rẹ bóyá wọ́n lè fún ọ ní lífù láìgba owó oṣù, kí o sì gbà á lákọsílẹ̀. Èmi fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní tèmi. Nígbà tí a padà dé, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá ilé-ìwé, èmi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Má sì jẹ́ kí líísẹ́nsì nọ́ọ̀sì rẹ kú o.

Ẹ kówó pamọ́ pẹ̀lú. Ní ibì kan tí a gbé, oṣù márùn-ún ni owó wa fi pẹ́, onílé sì ń kanlẹ̀kùn.

Akọ̀wé: Ẹ̀gbọ́n mi, ìjọba Bràsíl ló máa sọ bóyá ẹ lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ọkọ yín béèrè ní ọ́fíìsì bóyá Nàìjíríà bá wọn ní àdéhùn lórí iṣẹ́ ìyàwó aṣojú. Ọkọ yín fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣòwò tàbí iṣẹ́ mìíràn fún èrè ara rẹ̀ níbẹ̀. Àdéhùn Vienna ti 1961, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí àwọn aṣojú ìjọba, kọ̀ ọ́ ní Abala 42. Tí ẹ̀yin bá sì ríṣẹ́, tí ẹjọ́ owó bá tinú iṣẹ́ náà yọ, ààbò aṣojú, èyí tí kì í jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ pe aṣojú lẹ́jọ́, ò ní bò yín.

Ọmọ Aṣojú: Ilé-ìwé mẹ́fà ni mo lọ, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fi ká mi lára. Oṣù kejì ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní Bràsíl. Tí ẹ bá gúnlẹ̀ lóṣù kẹjọ, àárín ọdún ló máa bọ́ sí, ẹ wá olùkọ́ Potogí fún un báyìí. Àwọn kan á sọ pé ilé Yorùbá lẹ ń lọ, nítorí Bahia, ìpínlẹ̀ Bràsíl tí àṣà Yorùbá ti gbilẹ̀. Salvador ló wà ní Bahia, létí òkun. Brasília wà láàárín ilẹ̀, ọdún 1960 ló di olú-ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ni kí ẹ máa bá a sọ nínú ilé. Nígbà tí a padà dé, ìyá bàbá mi ń kì mí ní oríkì, mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Màmá Tólú: Omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé gan-an. Màmá, ṣé kí n dúró kí físà jáde kí n tó kọ lẹ́tà lífù yẹn?

Ìyá Ìjẹ̀bú: Rárá o, kọ ọ́ lónìí. Lẹ́tà máa ń pẹ́ lórí tábìlì wọn.