Ìrọ̀lẹ́ ní Janjanbureh: ìrírí olùkọ́ kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀

Àwọn olùyọ̀ǹda bíi tèmi tó ti sọ ìrírí tiwọn ṣáájú mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn lọ ṣe. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wákàtí tí iṣẹ́ ti parí, nítorí pé ní ìlú kékeré tí mo gbé, àárín wákàtí wọ̀nyẹn gan-an ni iṣẹ́ mi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ètò Technical Aid Corps, tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 1987 nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí wà nípò mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ló gbé mi dé orílẹ̀-èdè Gambia. Ètò náà a máa rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karibíánì àti Pàsífíìkì fún ọdún méjì. Mo ti rò pé Banjul tí í ṣe olú-ìlú tàbí Serekunda ni wọn yóò fi mí sí, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Janjanbureh. Ìlú náà wà lórí erékùṣù kan láàárín odò Gambia, ó sì jìnnà sí Banjul tó nǹkan bíi 300 kìlómítà. Georgetown ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọdún 1995 ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí Janjanbureh.

Yorùbá ni mí, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè fi ìkíni dá mi lágara. Àwọn ẹ̀yà Mandinka tí mo bá níbẹ̀ fi hàn mí pé a lè kí ènìyàn ju bí a ti ń kí i nílé lọ. Bí a bá ti bi ara wa bóyá àlàáfíà ni, wọn yóò béèrè àwọn ará ilé, pé "Suu moolu lee?", èmi náà yóò sì dáhùn pé "I be jee", ìyẹn ni pé wọ́n wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá béèrè ìyàwó, ọmọ, iṣẹ́ àti bí oòrùn ti rí. Òṣogbo ni ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà, kò sì sí ẹni tó rí wọn rí nínú àwọn tó ń béèrè wọn, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ fo ọjọ́ kan. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ di àṣà láti máa tẹ ìyàwó mi láago lálẹ́, kí n má baà máa purọ́ láàárọ̀.

Lamin ni bàbá tí mo gbé ní agbo ilé rẹ̀ sọ mí, orúkọ tí wọ́n sábà máa ń fún àkọ́bí ọkùnrin, ó sì fi orúkọ ìdílé tirẹ̀ kún un. Orúkọ ìdílé yìí ló fa wàhálà dídùn, nítorí pé ìdílé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní ìdílé mìíràn tí wọ́n jọ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ láìsí ìbínú. Láti ọjọ́ náà lọ ni àwọn àgbàlagbà tí n kò mọ̀ rí ti ń dá mi dúró lọ́jà pé ọ̀jẹun ni mí, pé ìdílé wa ti jẹ ìrẹsì ìlú tán. Ẹnìkan nínú wọn tilẹ̀ ní mo pẹ́ kí n tó dé, àwọn ènìyàn mi ti ṣáájú mi. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀fẹ̀ rẹ̀: ní àwọn ọdún 1830, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú wá sí erékùṣù náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Akú, ìyẹn àtọmọdọ́mọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tó wà ní Gambia lónìí, ló sì ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Yorùbá.

Ti oúnjẹ kò gùn. Inú abọ́ ńlá kan ni gbogbo wa ti ń jẹ benachin (ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ nínú ìkòkò kan) tàbí domoda (ọbẹ̀ ẹ̀pà), kálukú sì ń jẹ ibi tó kọjú sí i. Mo ń wá ẹ̀bà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ebi kò pa mí.

Ní ti iṣẹ́, ìdánwò WASSCE tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní Nàìjíríà ni àwọn náà ń ṣe, nítorí náà ohun tí mo ń kọ́ wọn kò ṣàjèjì sí mi. Ohun tó le ni pé àwọn ọmọbìnrin kì í padà wá fún ẹ̀kọ́ àfikún nírọ̀lẹ́, nítorí àsìkò náà ni wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń gún nǹkan, tí wọ́n sì ń dáná. Àwa olùkọ́ ṣe ìpàdé, a sì kọ lẹ́tà sí àwọn òbí. Ẹnikẹ́ni kò fèsì.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, àwọn ọkùnrin a máa jókòó sí bantaba, pèpéle tó wà lábẹ́ igi, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa se attaya lórí ẹyín iná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń se tíì yìí kí wọ́n tó dìde. Ti àkọ́kọ́ a máa korò gan-an, ṣúgà a sì máa pọ̀ sí i nínú àwọn tó kù. Ẹni tó bá ti Èkó wá yóò sọ pé ìmẹ́lẹ́ ni, nítorí gbogbo rẹ̀ lè gba wákàtí méjì. Èmi a máa kó ìwé àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ láti máa wò wọ́n. Níbẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan ti bi mí pé kí ni ọmọ-ọmọ òun fẹ́ fi ìṣirò alẹ́ ṣe. Mo dáhùn, ó tako mi, àwọn mìíràn dá sí i, ọ̀rọ̀ náà sì ń bá a lọ láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ní kí n sòótọ́, n kò borí nínú àríyànjiyàn náà rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó dé etí àwọn obìnrin.

Àwọn obìnrin ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní kafo, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní lẹ́tà wa kò mọ bí ilé ṣe ń rìn. Nínú agbo ilé tí orogún ti pọ̀, ìyá kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tó kàn án láti dáná, lọ́pọ̀ ìgbà fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn èyí tó máa bọ́ sọ́wọ́ ìyá mìíràn. Ọmọbìnrin tí oúnjẹ kò bá kan ìyá rẹ̀ lè wá. Èyí tí ó bá kàn kò lè wá, kí olùkọ́ má sì pè é ní ọ̀lẹ. Wọ́n ka orúkọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan fún mi, mo kọ wọ́n sílẹ̀, mo sì pín kíláàsì náà sí ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ti ń yí. Láàárín àlàásárì sí màgàríbì ni a fi ẹ̀kọ́ náà sí, kí àwọn ọmọ lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Imáàmù kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó sì di nǹkan ìlú.

N kò ní sọ pé ó yanjú tán. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ nìkan jẹ́ ìyàwó ilé ṣì ń pa ẹ̀kọ́ jẹ lójoojúmọ́. Bí òjò bá sì ti dé ní oṣù kẹfà, oko ìrẹsì, tó jẹ́ iṣẹ́ obìnrin láàárín àwọn Mandinka, a máa kó tìyá tọmọ lọ, a sì máa ń gbọ́ ariwo agolo lóru nígbà tí àwọn olóko bá ń lé erinmi kúrò nínú irè. Ní àsìkò yẹn, ọmọkùnrin nìkan ló ń kún kíláàsì mi.

Olùkọ́ tó gba ipò mi náà wá láti Nàìjíríà, mo sì fa ìwé àkọsílẹ̀ náà lé e lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé kí ó máa lọ sí bantaba, kì í ṣe nítorí tíì nìkan: nígbàkigbà tí baálé ilé kan bá gbé ìyàwó tuntun wọlé, ètò oúnjẹ agbo ilé náà yí padà nìyẹn, ó sì di dandan kí ó tún kíláàsì pín.