Ṣé ó bójú mu kí wọ́n pa iṣẹ́ abẹ pọ̀ mọ́ sítẹ́ǹtì fún ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí?

Àkọ́bí Ọkùnrin:
Mo kí gbogbo ilé o. Bàbá mi ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta tó ń bọ́ ọkàn wọn ti há, ti iwájú ló sì le jù. Àwọn dókítà wọn ní àwọn yóò fi iṣẹ́ abẹ ṣe ti iwájú, àwọn yóò sì ti sítẹ́ǹtì, ìyẹn páìpù wáyà kékeré tó ń mú kí iṣan ṣí sílẹ̀, bọ méjì yòókù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò fi ọ̀nà kan ṣoṣo parí ẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyà méjì ni wọ́n fẹ́ fi jẹ bàbá arúgbó.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀ka Ọkàn:
Ẹ má bẹ̀rù, ìdí wà fún un. Iṣan iwájú yẹn ló ń bọ́ apá tó pọ̀ jù nínú ẹran ọkàn. Iṣan kan sì wà lẹ́yìn egungun àyà lápá òsì, tí oníṣẹ́ abẹ máa ń já ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, tí yóò sì rán an mọ́ iṣan iwájú náà ní ìsàlẹ̀ ibi tó ti dí. Lẹ́yìn ọdún 10, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú rẹ̀ tó ṣì máa ń la gaara. Iṣan tí wọ́n ń yọ láti ẹsẹ̀ kò lálòpẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdajì wọn ló máa ń dí láàárín àkókò kan náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi sítẹ́ǹtì rọ́pò iṣan ẹsẹ̀. Àárín egungun ìhà, lábẹ́ ọmú òsì, ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé nígbà tí ọkàn ṣì ń lù, wọn kì í fi ayùn la egungun àyà, èyí tó máa ń pẹ́ kó tó jinná, pàápàá lára onítọ̀ ṣúgà.

Olùtọ́jú Ìyá:
Ẹ béèrè èyí tí yóò ṣáájú. Bí iṣẹ́ abẹ bá ṣáájú, wọ́n lè fi àwòrán wo ibi tí wọ́n rán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi sítẹ́ǹtì sí i. Bí sítẹ́ǹtì bá ṣáájú, aspirin àti clopidogrel, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí aláìsàn kò gbọdọ̀ dá dúró, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé iṣan mìíràn ló fa ìkọlù ọkàn, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sítẹ́ǹtì là.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà:
Èmi kò ní tètè gbà. Ìwádìí FREEDOM, tó jáde ní 2012, fi hàn pé iṣẹ́ abẹ dáàbò bo ẹ̀mí onítọ̀ ṣúgà ju sítẹ́ǹtì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn rọpárọsẹ̀ pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó ń la àyà pọ̀ gan-an ju ti àdàpọ̀ yìí. Ẹ béèrè bóyá iṣan méjì yòókù bá sítẹ́ǹtì mu, tí ibi tó há níbẹ̀ kò gùn jù, tí kò sì le bí òkúta. Kí oníṣẹ́ abẹ àti dókítà tó ń ti kátẹ́tà, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé sítẹ́ǹtì gba inú iṣan, jùmọ̀ dá yín lóhùn.

Àkọ́bí Ọkùnrin:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kíndìnrín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dára, màá sì bi wọ́n léèrè nípa oògùn àwòrán tí wọ́n ń fà sí iṣan, tó lè ni kíndìnrín lára, kí wọ́n lè fi àyè tó tó sílẹ̀ láàárín ìgbésẹ̀ méjèèjì.